Mo Fi Dírágónì Ọdúnayọ̀ Pa Wọ́n Lẹ́rìn-ín

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹ bá ń wá ìtàn ẹni tó ti fara balẹ̀, tó ti dárí ji ara rẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn.

Olúwadámiláre ni orúkọ mi. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba ìrẹ́jẹ. Bí a bá tò ní ilé epo, tí ẹnìkan gba ẹ̀yìn wọlé, èmi ni n óò pariwo. Bí ọ̀gá bá yọ ọmọ tálákà kúrò nínú àwọn tó fẹ́ lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje, èmi ni n óò kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwa kan máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Christiana, télọ̀ kan ní Ìkàrẹ́. A máa ń ṣe eré kan tí a ń pè ní Tábìlì. Ẹnìkan tí à ń pè ní Olùdarí yóò máa ròyìn ìrìn-àjò kan fún wa: igbó, ihò, ààfin tó ti wó. Àwa tó kù á ní ọdẹ ni wá, tàbí oṣó, tàbí olè tó ti ronú pìwà dà. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, wàá sọ ọ́, wàá da dáìsì, dáìsì á sì sọ bóyá o yè tàbí o kú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo ti rí géńdé ọkùnrin tó sunkún níbẹ̀ nítorí ọdẹ tí kò sí láyé rí.

Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó kẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde, a máa ń ṣe ìdíje: ta ló lè kọ ìrìn-àjò tó burú jù? Àmọ̀ọ́nmọ̀ ni o. À ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ kó burú ni, kí a lè rí ẹ̀rín rín. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ le ojú koko bí ẹni tó ń ka ìkéde ìjọba. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú àwa tó ń gbọ́, ọdẹ tirẹ̀ kú.

Kareem tó ń tún fóònù ṣe ni ọba ìdíje náà. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀:

“Ẹ wọ yàrá kan. Yàrá náà ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Dírágónì kan wà nínú rẹ̀ tó tóbi ju yàrá náà lọ. Ó ti kú. Ó fẹ́ pa yín. Ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé kò sí níbẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níta.”

Ní ọdún kan, ó kọ nípa baálẹ̀ kan tó fẹ́ rán wa lọ gba ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbọra. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ ní òun fẹ́ kọ́kọ́ ka ìran òun fún wa. Ó ka ìran títí ọmọbìnrin náà fi dàgbà, tó fẹ́ ẹbọra náà, tó sì kó àwọn ọmọ-ọmọ wá kí bàbá rẹ̀. Àwa kò tíì dìde lórí àga.

Èmi kò mọ̀ ọ́n kọ burúkú. Bí mo bá kọ dírágónì, n óò fún un ní ìdí tó fi ń bínú. Bí mo bá kọ ihò, n óò rí i dájú pé ọ̀nà àbájáde wà níbẹ̀, torí kò tọ́ kí èèyàn wọ ibi tí kò lè jáde. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, “Dámiláre, èyí dáa o.” Èébú ni.

“Tíṣà,” Kareem máa ń sọ bẹ́ẹ̀, “bí wọ́n bá ní kí o ṣépè, wàá kọ́kọ́ kọ èròńgbà ẹ̀kọ́ sí i.”

Ó dùn mí. Mo wá rò ó pé ojúsàájú ni. Mo ní nítorí pé wọ́n fẹ́ràn Kareem ni wọ́n ṣe ń dìbò fún un. Mo bá gbé òfin tuntun wá: a kò ní fi orúkọ sórí iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń kà á lè jẹ́ ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá a kà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè títí ìbò á fi parí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọlé bí wọ́n bá ti ń kàwé lọ́wọ́. Mo jà fún òfin yẹn gan-an. Wọ́n gbà á kí n lè sinmi ariwo.

Òfin tí mo fi lé ìrẹ́jẹ jáde ni mo fi wọlé lọ jalè.

Ọdúnayọ̀ àti èmi jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọ Ọ̀kà ni, láti Ọ̀kà ló sì ti ń gun ọ̀kadà wá sí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti wá wo Tábìlì wa rí, ó sì fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n Àǹtí Christiana ní ìlànà kan: kò ní yá ẹnikẹ́ni ní dáìsì àti àwọn máàpù, àfi kí ẹni náà kọ́kọ́ fi ìrìn-àjò tó kọ fúnra rẹ̀ darí àwa àgbà ọ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdánwò nìyẹn. Bí o bá yege, o di Olùdarí.

Ọdúnayọ̀ kọ tirẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

“Bá mi wò ó,” ni ó wí. “Ìwọ ni mo mọ̀ tí kò ní tàn mí.”

Mo kà á ní yàrá àwọn tíṣà. Dírágónì arúgbó kan jókòó sójú ọ̀nà orí òkè. Ó ti gbàgbé ẹni tó fi í ṣọ́nà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá dé, á béèrè pé, “Ọmọ ta lèyí?” Bí o bá dá a lóhùn, á mi orí, ọ̀nà á ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún béèrè pé, “Ọmọ ta lèyí?” Bí o bá kanra, ọ̀nà á padé mọ́ ọ. Idà kò ràn án. Ẹni tó bá ń dáhùn tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni, òun ló lè kọjá, ohun tí dírágónì sì sọ fún un kẹ́yìn ni ìparí ìtàn náà.

Mo mọ dírágónì náà. Ìyá àgbà Ọdúnayọ̀ ni, ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ ta lèyí?” Mo sọ fún un. Ó gbàdúrà fún bàbá mi. Ó bu iyán fún mi, ó gbójú sókè, ó tún ní, “Ọmọ ta lèyí?” Bó ṣe rí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ó bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ọdúnayọ̀, Ọdúnayọ̀ á dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kò mí kanlẹ̀ rí.

Bó ṣe kọ ọ́ ní àbùkù díẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn jù, ọ̀rọ̀ kan náà ń jáde léraléra, ìsọ̀rọ̀ Ọ̀kà sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Àbùkù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí ìtàn náà dára.

Mo ní, “Ó dáa gan-an, Ọdún. Fi sílẹ̀ kí n bá ọ tún àwọn ibì kan ṣe.”

Ó ní, “O ṣé. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ o, títí n ó fi darí yín.”

Ìdíje ku díẹ̀. Mo jókòó láti kọ tèmi. Mo kọ ọ́, ó dára. Mo fà á ya. Mo tún kọ ọ́, ó tún ní ọ̀nà àbájáde.

Ìgbà yẹn ni mo tún ṣí ti Ọdúnayọ̀. Bí mo ṣe ń kà á, ohùn Kareem bọ́ sí mi létí. Mo gbọ́ bí yóò ṣe ka “Ọmọ ta lèyí?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Gbogbo ìrìn-àjò burúkú wa ló máa ń ní yàrá tó ń dá èèyàn padà sínú ara rẹ̀. Èyí ni irú rẹ̀ tó ga jù tí mo rí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Kí n kàn yọ díẹ̀ kúrò ni.

Mo sọ fún ara mi pé òfin gbà kí èèyàn ka iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní n kò ní sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní kò ní sí níbẹ̀, kò sì ní mọ̀. Mo gé ìparí rẹ̀ kúrò. Àbùkù tí mo ṣèlérí pé n ó tún ṣe, mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo tún fi kún wọn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Kareem ka tirẹ̀, a rẹ́rìn-ín. Ìtùnú tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ka tirẹ̀. Ó kan mí.

Ẹ̀yin ará, mo kà á pẹ̀lú ohùn ìyá arúgbó. Mo fa ètè mi wọnú bí ẹni tí kò léyín. Mo gbọn ọwọ́ mi.

Kareem ní, “Ọmọ Sálíù ni mí, ìyá.”

Mo ní, “Ó mi orí. Ó ní, ‘Ọmọ ta lèyí?’”

“Mo ní ọmọ Sálíù.”

“Ó ní, ‘Ó mà dáa o. Ọmọ ta lèyí?’”

Ìtùnú ní, “Mo fa idà yọ.”

“Ó wo idà náà. Ó ní, ‘Ọmọ ta lèyí?’”

Kareem ní, “Mo mú káàdì ìdánimọ̀ ìjọba jáde, mo fi hàn án.”

“Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní òun rí i. Ó ní, ‘Ọmọ ta lèyí?’”

Kareem ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ìtùnú ń fi ẹ̀wù nu omi lójú. Àǹtí Christiana tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀ fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọdẹ gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà.

“Níbo ló parí sí?” Àǹtí béèrè nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Kò parí.”

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n dìbò. Kò sí ìjiyàn kankan. Àǹtí ní, “Ó yá, òfin Dámiláre: ta ló kọ ọ́?”

Kareem tẹ́wọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àánú. “Tíṣà, jọ̀ọ́, sọ pé kì í ṣe ìwọ, kí n lè rí oorun sùn.”

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wò mí bí wọ́n kò ṣe wò mí rí, pẹ̀lú ìfẹ́.

Mo ní, “Èmi ni.”

Kọ́tìnì tó pín yàrá wa níyà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù níwájú ṣí. Ọdúnayọ̀ ló wọlé.

Àǹtí Christiana ló pè é. Ó ní kó wá wo bí a ṣe ń ṣe é, kó lè múra sílẹ̀ láti darí wa. Ó ti dé tipẹ́. Ó jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń dúró, torí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé bí wọ́n bá ń kàwé. Òfin mi.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Àǹtí, ẹ káàsán.”

“Káàbọ̀, Ọdún. O pàdánù, o kò gbọ́ nǹkan tí Dámiláre—”

“Mo gbọ́ ọ, mà.” Ó yíjú sí mi. Kò gbé ohùn sókè. “Dámiláre, ibo lo gbé ìparí rẹ̀ sí?”

Kareem ṣì ń rẹ́rìn-ín. “Ìparí wo?”

“Ìparí ìtàn mi.”

 Mo yára ki fóònù mi bọ àpò.

Ọdúnayọ̀ kọjú sí àwọn tó kù, ó ní, “Ohùn tó fi kà á yẹn, ohùn ìyá mi àgbà ni. Ẹ̀yin kò mọ̀, n kò bínú sí yín. Òun mọ̀. Ó ti jẹ iyán lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ìtùnú rọra ní, “Báwo ló ṣe parí?”

“Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo bá darí yín,” ni Ọdúnayọ̀ wí. Ó kí Àǹtí pé ó dàbọ̀, ó jáde.

Àǹtí Christiana wò mí títí. “Dámiláre. Ìwọ tó bá mi jà torí mo jẹ́ kí Ìtùnú tún dáìsì dà?”

Mo bá tèmi lọ.

Kò tán síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán kan ti ń kiri lórí Wasáàpù: dírágónì tó wé gèlè, tí wọ́n kọ “Ọmọ ta lèyí?” sí lábẹ́. Ó dé ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo gbọ́ tí ọmọ kan sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí Ọdúnayọ̀ ti ń kọjá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdúnayọ̀ ń lọ ní tirẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ gbóná sí mi lórí. Mo lọ bá Kareem ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe àwòrán yẹn.”

“Èmi ni. Bí a ṣe ń dìbò ni mo ṣe é, n kò tíì mọ ìyá tó jẹ́. Ní alẹ́ Sátidé yẹn gan-an ni mo ti pa á rẹ́. Àwọn èèyàn ti gbé e lọ.”

“Ojú kò tì ọ́? Ìyá arúgbó aláìsàn?”

Ó gbé fóònù tó ń tún ṣe sílẹ̀. “Tíṣà, ìwọ lo dáná, o wá ń bá èéfín jà. Mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ìyá ní ọmọ ta ni mí, mo sọ fún un títí ẹnu mi fi gbẹ. Ìwọ ńkọ́? O ti bẹ̀ ẹ́?”

N kò tíì bẹ̀ ẹ́. Mo ti bá ọmọ kíláàsì jà, mo ti bá ẹni tó ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ jà, mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn sínú gúrúùpù wa nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọdúnayọ̀ nìkan ni n kò tíì bá sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n, n kì bá tí kọ èyí. N kò gbọ́n. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kò tó, pé ohun tí mo bàjẹ́ ni kí n tún ṣe.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọlé, mo dúró, n kò jókòó. Mo ní kí wọ́n fagi lé ìbò náà. Mo ní wọn kò tíì gbọ́ iṣẹ́ Ọdúnayọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àǹtí Christiana ní, “Dámiláre, jókòó.” N kò jókòó. Mo ṣí fóònù mi, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn mi gan-an, bó ṣe kọ ọ́. Mo kà á dé ìparí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìtùnú nu ojú. Kareem dorí kodò, mo rò pé ojú ló ń tì í. Inú mi dùn. Mo jáde síta, mo tẹ iṣẹ́ sí Ọdúnayọ̀: “Mo ti dá ẹ̀tọ́ rẹ padà fún ọ.”

Ó pè mí. Kì í pè mí, iṣẹ́ ló máa ń tẹ̀.

“Kí lo ṣe?”

“Mo ka iṣẹ́ rẹ fún wọn. Bó ṣe yẹ. Wọ́n sunkún.”

“O kà á dé ibo?”

“Gbogbo rẹ̀.”



“Dámiláre, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ wá darí wọn. Àǹtí ti fún mi lọ́jọ́. Ìrìn-àjò tí wọ́n ti mọ ìparí rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rìn ín? Ta ni yóò ṣe sùúrù fún dírágónì tí ó ti mọ ohun tó máa sọ?”

Mo ní, “Mo fẹ́ gbèjà rẹ ni.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́? Nígbà àkọ́kọ́, o mú un láìbéèrè kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, o mú un láìbéèrè kí wọ́n lè rí ọ bí èèyàn rere. Ọwọ́ kan náà lo fi mú un.”

Mo ní, “Ọdún, jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mò ń bínú,” ni ó wí, ó sì pa fóònù.

Kò wá darí wa. Àǹtí Christiana gbìyànjú láti yá a ní dáìsì láìsí ìdánwò, ṣùgbọ́n Ọdúnayọ̀ ní òun kò fẹ́ ojúàánú. Ó ra dáìsì lúdò fún ara rẹ̀, ó ya máàpù tirẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, ó sì ti dá Tábìlì sílẹ̀ ní Ọ̀kà. Kareem máa ń lọ bá wọn ṣeré. Ìtùnú náà ń lọ. Èmi kò lọ, torí wọn kò pè mí. Ọdúnayọ̀ ń kí mi ní ilé ẹ̀kọ́, “ẹ káàárọ̀, sà,” bí a ṣe ń kí àlejò.

Inú ń bí mi sí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi nǹkan ọ̀wọ̀n ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Ó ń bí mi sí ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi tèmi, tí ẹ kò lè rí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Ó dun ahọ́n, mo mọ̀.

Kí n tó kọ èyí, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn tíṣà, mo sì béèrè bóyá mo lè kọ ọ́. Ó ń ṣa ìwé àwọn ọmọ jọ. Kò wo ojú mi.

“Kọ tìrẹ,” ni ó wí. “Má kọ ìparí tèmi.”

Nítorí náà, n kò sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí Ọ̀kà, kí ẹ jókòó sí tábìlì rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín.